Láti Ọwọ́ Ológò Dé Iwájú Adájọ́: Òfin Gbèsè àti Oníṣòwò Kékeré ní Èkó àti Ilẹ̀ Yorùbá

Ohun tó ń gbé oníṣòwò kékeré dé ilé ẹjọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá kò pọ̀ ní irú. Gbèsè ló wọ́pọ̀ jù lọ nínú wọn: ọjà tí a tà láwìn tí owó rẹ̀ kò wọlé, owó tí a yá tí èlé ti borí ojú owó, ilé tí a fi dógò tí ẹbí sọ pé kì í ṣe ti ẹnì kan, onídùúró tí wọ́n ní kó wá san ohun tí kò jẹ. Orúkọ òfin tó ń darí wọn ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó wà nídìí wọn kò yí. Kí ni ẹni tó yáni lówó lè dì mú bí owó kò bá wọlé, ta ló sì ní àṣẹ láti bá a dì í mú? Nígbà kan, ènìyàn gan-an ni. Lẹ́yìn náà ó di ilé àti ilẹ̀. Lónìí, ìwé ló gba iwájú, ẹni tí kò sì ní ìwé lọ́wọ́ kì í sábà rí òdodo gbà, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ òtítọ́ tó.

Kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó dé

Kí Gẹ̀ẹ́sì tó fìdí múlẹ̀ ní Èkó ni ilẹ̀ Yorùbá ti ní ètò àwìn tó gbòòrò. Alájàpá tó ń gbé ọjà láti ìlú kan dé òmíràn kì í sábà ní gbogbo owó ọjà lọ́wọ́. Ó ń gbà á láwìn lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n, tó mọ ilé baba rẹ̀, tó sì mọ ọjọ́ ọjà tí wọn yóò tún fojú kanra. Èsúsú wà fún ẹni tí kò fẹ́ bọ́ sọ́wọ́ olówó. Ṣùgbọ́n bí owó tí ènìyàn ń wá bá ti kọjá agbára èsúsú, ìwọ̀fà ló kù.

Samuel Johnson, ẹni tó parí ìwé rẹ̀ lórí ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897, tí wọn kò sì rí i tẹ̀ jáde títí di 1921, ya apá kan sọ́tọ̀ fún òfin ìwọ̀fà. Ó tẹnu mọ́ ọn pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ọmọ ìlú ni, ẹ̀tọ́ rẹ̀ láwùjọ kò sì dín. Ohun tó fi sílẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, iṣẹ́ náà sì ni èlé. Ìwọ̀fà lè kọ ebè fún olówó rẹ̀ lọ́dún gbọgbọrọ kí ojú owó má dín ní ẹyọ kan, nítorí iṣẹ́ náà kì í san nǹkan kan nínú ojú owó. Ọjọ́ tí a bá kó gbogbo owó tí a yá kalẹ̀ ni ìwọ̀fà dòmìnira. Àgbà ilé lè fi ara rẹ̀ sọfà, ó sì lè fi ọmọ tàbí àbúrò sọfà. Onígbọ̀wọ́ ló máa ń dúró láàárín olówó àti ẹni tó ń yá owó, òun náà sì ni wọ́n á kọ́kọ́ dojú kọ bí ìwọ̀fà bá sá.

Bí gbèsè bá pẹ́ tí kò sí ìwọ̀fà tó dúró fún un, olówó a ránṣẹ́ pe ológò. Iṣẹ́ ológò ni láti wọ agboolé ajigbèsè kó sì di ìyọnu sí gbogbo ará ibẹ̀ lọ́rùn. Yóò jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò máa ké gbèsè náà síta kí aládùúgbò lè gbọ́. Adìẹ tó bá kọjá níwájú rẹ̀, yóò kì í mọ́lẹ̀, yóò sì pa á jẹ, kò ní béèrè bóyá ti ajigbèsè ni tàbí ti ará ilé mìíràn. Bí ajigbèsè bá gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ, ológò kò bìkítà, nítorí kì í ṣe òun nìkan ló wá dà láàmú. Ìyàwó ilé tí wọ́n jẹ ewúrẹ́ rẹ̀ yóò lọ bá baálé, baálé yóò pe ẹbí jọ, ẹbí yóò sì wá owó náà níbi tó bá wà. Gbèsè ẹnì kan ti di ti gbogbo agboolé.

Láàárín ìlú sí ìlú, ọ̀rọ̀ náà le ju báyìí lọ. Bí ará ìlú kan bá jẹ gbèsè ní ìlú mìíràn tó sì pa á tì, wọ́n lè mú ará ìlú rẹ̀ mìíràn tó wá ṣòwò ní tirẹ̀, tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀, tàbí kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù rẹ̀, títí a ó fi rí owó náà san. Irú ìmúni bẹ́ẹ̀ dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ìlú.

Kò yẹ kí òǹkọ̀wé ìtàn ṣe ètò yìí lẹ́wà ju bó ti yẹ lọ. Òótọ́ ni pé ó jẹ́ kí ẹni tí kò ní ilẹ̀ tí kò sì ní wúrà rí owó yá, òótọ́ sì ni pé àwìn kò lè gbilẹ̀ láìsí ohun tó ń dẹ́rù ba ajigbèsè. Ṣùgbọ́n ọmọdé tí kò mọ̀dí owó náà ló sábà ń ru ẹrù rẹ̀.

Òfin méjì nínú ìlú kan

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì. Òwò epo pupa àti èkùrọ́ ló ń gbé ìlú náà ró, àwìn ló sì ń gbé òwò náà ró. Àwọn oníṣòwò Yúróòpù ń gbé aṣọ, ọtí, tábà àti iyọ̀ fún àwọn alágbàtà láwìn, kí àwọn wọ̀nyí lè kó o lọ sí òkè kí wọ́n sì fi epo san án padà. Bí ogun bá dí ọ̀nà, tàbí bí iye epo bá já ní Liverpool, alágbàtà ni yóò kọ́kọ́ rì.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1860, wọ́n dá ìgbìmọ̀ ìdájọ́ òwò kan sílẹ̀ ní Èkó, níbi tí àwọn oníṣòwò ńlá fúnra wọn ti ń jókòó dá ẹjọ́ gbèsè. Ẹni tó ń tajà láwìn náà ló wà lórí àga ìdájọ́. Òfin ọdún 1863 kó òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ Èkó. Nígbà tó di 1876, Òfin Ilé Ẹjọ́ Gíga tún un ṣe: òfin àjọlò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn òfin àkọsílẹ̀ gbogbogbòò tó wà lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù keje ọdún 1874 ni yóò máa ṣiṣẹ́ ní Èkó. Láti ìgbà náà lọ, ìyá aláṣọ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan lè pàdánù ẹjọ́ nítorí òfin tí wọ́n ṣe ní London kí wọ́n tó bí baba rẹ̀. Àpẹẹrẹ kan ni òfin tó sọ pé ẹni tó bá fẹ́ béèrè gbèsè lásán gbọ́dọ̀ pẹjọ́ láàárín ọdún mẹ́fà. Lójú àṣà, gbèsè kì í gbó. Ọmọ lè san ti baba, ọmọ-ọmọ sì lè béèrè ti baba ńlá. Òfin ọdún mẹ́fà náà ṣì wà títí di òní, ọ̀pọ̀ oníṣòwò tó ń fi sùúrù dúró de ajigbèsè rẹ̀ kò sì mọ̀ ọ́n títí ilẹ̀kùn fi ti.

Òfin 1876 kò pa àṣà ilẹ̀ rẹ́. Ó ní kí ilé ẹjọ́ máa tẹ̀ lé e nínú ọ̀rọ̀ láàárín ọmọ ilẹ̀ méjì, bí kò bá ti lòdì sí ìdájọ́ òdodo àti ẹ̀rí ọkàn rere, àyàfi bí àwọn méjèèjì bá ti fara mọ́ ọn pé òfin Gẹ̀ẹ́sì ni yóò darí àdéhùn wọn, tàbí bí irú òwò náà bá fi hàn bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ló dá wàhálà sílẹ̀. Ta ni yóò sọ irú òwò tó jẹ́ ti Òyìnbó àti èyí tó jẹ́ tiwa?

Ẹjọ́ kan tí àwọn ìwé òfin mọ̀ sí Labinjoh àti Abake, tó dé ilé ẹjọ́ kótẹ́milọ́rùn ìgbà náà ní 1924, fi ọ̀rọ̀ yìí hàn gbangba. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí kò tíì pé ọmọ ọdún 21 ni olùjẹ́jọ́. Ó ti gba ọjà láwìn láti fi ṣòwò, olówó ọjà sì ń béèrè ìyókù owó rẹ̀. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1874 lórí àwọn tí kò tíì tójúúbọ́ sọ pé àdéhùn ọjà àwìn tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ṣe, òfo ni, bí kò bá ti jẹ́ fún ohun kòṣeémánìí. Ìyẹn ni ó fi gbèjà ara rẹ̀. Ilé ẹjọ́ kótẹ́milọ́rùn kò gbà pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Wọ́n ní ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ wádìí ni bóyá àṣà ilẹ̀ ló ń darí òwò láàárín àwọn méjèèjì, àti ohun tí àṣà náà sọ nípa gbèsè ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń ṣòwò. Mo ka ẹjọ́ yìí sí ọ̀kan pàtàkì nínú ìtàn òfin òwò wa. Ìgbà tí àwọn aṣòfin London ń ṣe òfin 1874, ọmọ olówó tó ń fi gbèsè náwó nínàákúnàá ló wà lọ́kàn wọn. Ní Èkó, ọmọbìnrin tó ń kiri ọjà láti kékeré ti mọ ìṣirò èrè àti àdánù kí ó tó pé ọdún 15. Òfin tó ní kò lè jẹ gbèsè ti sọ lẹ́ẹ̀kan náà pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe tà fún un láwìn.

Ilé bọ́ sọ́wọ́ olówó

Láti àwọn ọdún 1860 ni ìjọba ti ń fún àwọn ará Èkó ní ìwé ilẹ̀ lórúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìwé yìí wù àwọn oníṣòwò Yúróòpù, nítorí wọ́n lè gbà á sọ́wọ́ kí wọ́n tó gbé ọjà sílẹ̀. Ilẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń tà tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí a fi ń yá owó.

Ibí ni àṣìlóye tó burú jù lọ ti wáyé. Nínú ìdógò ti àṣà, ẹni tó yáni lówó yóò wọ inú oko tàbí ilẹ̀ náà, yóò máa jẹ èso rẹ̀ dípò èlé, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò ní di tirẹ̀ láéláé. Bí ọgbọ̀n ọdún bá kọjá, ọmọ ẹni tó fi dógò lè kó owó baba rẹ̀ wá kó sì gba ilẹ̀. Ìdógò ti Òyìnbó kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ó ní ọjọ́, bí ọjọ́ bá sì kọjá láìsan, olówó lè gbé ilé náà tà ní gbàǹjo. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ọwọ́ sí èkejì pẹ̀lú èrò pé àkọ́kọ́ ni wọ́n ń ṣe. Nígbà tí iye epo já ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí Ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 sì dí ọ̀nà òkè fún ọdún púpọ̀, ọ̀pọ̀ alágbàtà ló pàdánù ilé wọn.

Àwọn ọmọ ilẹ̀ kan mọ ètò tuntun yìí lò. Táíwò Olówó, ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò tó lówó jù lọ ní Èkó títí ó fi kú ní 1901, ń tajà láwìn, ó ń yáni lówó, ó ń gba ilé sọ́wọ́, ó sì ń lo ilé ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti gba ohun tí wọ́n jẹ ẹ́. Àwọn tó wà lábẹ́ ààbò rẹ̀ pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ajigbèsè rẹ̀. Ìwé àti ààbò parapọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó dá olówó dúró díẹ̀ ni ilé ẹbí. Nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole, tí wọ́n dá ní 1908 lórí ilé olóyè Mábìnúorí tó ti kú ní 1874, ilé ẹjọ́ gbà pé ilé tí olùdásílẹ̀ ìdílé fi sílẹ̀ láìpín, ti gbogbo ẹbí ni, kò sì sí ọmọ kan tó lè dá ìpín tirẹ̀ yọ láti tà á. Ìdájọ́ irú èyí gba ọ̀pọ̀ ìdílé lọ́wọ́ gbàǹjo. Ṣùgbọ́n ó ní apá kejì: ọmọ tó ń ṣòwò, tó ń gbé nínú ilé baba rẹ̀, tí kò sì ní ohun mìíràn, kò ní nǹkan tí yóò fi yá owó ní báńkì.

Sógundogójì, Òṣómàáló àti ìka tí a tẹ̀ mọ́wèé

Láàárín ọdún 1920 sí 1940, ìjọba amúnisìn gbógun ti ìwọ̀fà, pàápàá ti ọmọdé. Bí ìwọ̀fà ti ń lọ sílẹ̀, àwọn ayánilówó gba ipò rẹ̀. Sógundogójì ni àwọn ènìyàn ń pè wọ́n, orúkọ tó sọ irú èlé tí wọ́n ń gbà láìfi nǹkan pa mọ́. Àgbẹ̀ kòkó tó nílò owó kí ó tó kórè, akọ̀wé ìjọba tó ń ṣe ìnáwó, ìyá tó fẹ́ kún ìsọ̀ rẹ̀ kí ọdún tó dé, gbogbo wọn ló ń lọ bá wọn.

Òfin Ayánilówó ti 1927, tí wọ́n tún ṣe ní òpin àwọn ọdún 1930, ní kí ẹni tó ń fi owó yíyá ṣiṣẹ́ gba ìwé àṣẹ, kí ó má gba èlé ju iye tí òfin dá lọ, kí ó sì kọ àdéhùn sílẹ̀. Ẹni tó yá owó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀, kí ó sì gba ẹ̀dà rẹ̀ láàárín ọjọ́ méje. Bí èyí kò bá ṣẹlẹ̀, ilé ẹjọ́ kò ní bá ayánilówó gba owó rẹ̀. Òfin tó dára ni lórí ìwé. Àwọn ayánilówó mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yẹra fún un: ẹni tó yá £10 ni wọ́n ń ní kó fọwọ́ sí £20. Ìwé náà wá ń parọ́, adájọ́ kò sì rí ju ohun tó wà lórí ìwé lọ.

Ìdí nìyí tí òfin kan tí àwọn ènìyàn kì í sábà rántí fi ṣe pàtàkì lójú mi: òfin ọdún 1915 tó ń dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé. Ẹnikẹ́ni tó bá kọ ìwé fún aláìmọ̀wé gbọ́dọ̀ kà á sí i létí, kí ó túmọ̀ rẹ̀ ní èdè tó gbọ́, kí ó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé rẹ̀. Ẹ wo obìnrin kan tó ń gba ọjà láwìn ní ilé-iṣẹ́ Òyìnbó. Akọ̀wé fi ìwé síwájú rẹ̀, ó fi ìka rẹ̀ kan yíǹkì, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí wọ́n tọ́ka sí, ọ̀rọ̀ parí. Bí orúkọ akọ̀wé kò bá sí nísàlẹ̀, tí kò sì sí ohun tó fi hàn pé wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún un, ìwé náà kò yẹ kó ṣeé lò láti pa á lára. Ó ṣe ni láàánú pé ẹni tí òfin náà ń dáàbò bò ni ó ṣòro jù fún láti mọ̀ pé ó wà.

Àwọn kan kò tilẹ̀ wo ojú ìwé rárá. Àwọn oníṣòwò aṣọ láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Òṣómàáló, ń gbé aṣọ dé abúlé Èkìtì, Àkókó àti kọjá ibẹ̀, wọ́n ń tà á láwìn fún àgbẹ̀ tí kò ní owó àfi ìgbà ìkórè. Bí ọjọ́ bá pé, wọ́n á padà wá lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà, wọn kò sì ní dìde títí owó yóò fi jáde. Wọn kò ní lọ́yà, wọn kò sì gba ilẹ̀ ẹnikẹ́ni sọ́wọ́. Ìtìjú ajigbèsè àti àìṣàárẹ̀ tiwọn nìkan ni wọ́n gbára lé, èrè òwò náà sì kọ́ ilé ní Iléṣà, ó rán ọmọ lọ sí ilé ìwé. Òwò wọn fi hàn pé àwìn lè gbòòrò dé ibi tí ilé ẹjọ́ kò dé.

Ìgbìyànjú mìíràn ni báńkì àwọn ọmọ ilẹ̀. National Bank of Nigeria bẹ̀rẹ̀ ní 1933, Agbonmagbe Bank tẹ̀ lé e ní 1945, nítorí pé àwọn báńkì Òyìnbó kì í fẹ́ yá oníṣòwò Áfíríkà lówó. Ọ̀pọ̀ irú báńkì bẹ́ẹ̀ wó lulẹ̀ kí Òfin Báńkì ti 1952 àti ìlànà rẹ̀ tó rọlẹ̀, owó àwọn oníṣòwò kéékèèké sì bá wọn lọ.

Òfin tiwa

Ní 1959, Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn, tí olú ìlú rẹ̀ jẹ́ Ìbàdàn, fòpin sí lílo àwọn òfin àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tààrà. Wọ́n tún èyí tí wọ́n fẹ́ kọ gẹ́gẹ́ bí òfin ẹkùn: òfin ọjà títà, òfin àjùmọ̀ṣòwò, òfin àdéhùn. Ohun tó wà nínú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti London, bí àpẹẹrẹ pé ọjà tí a fi àpẹẹrẹ tà gbọ́dọ̀ bá àpẹẹrẹ náà mu. Ẹni tó ra bẹ́ẹ̀lì òkìrìkà tó tú u délé tó rí àkísà ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin yìí, bí ó bá lè fi hàn pé ohun tí wọ́n fi hàn án kọ́ ni wọ́n dì fún un.

Òfin ọdún 1961 ní kí ẹni tó ń ṣòwò lórúkọ tó yàtọ̀ sí tirẹ̀ lọ forúkọ náà sílẹ̀. Ti ilé-iṣẹ́ alábẹ́-òfin ti pẹ́ ju ìyẹn lọ: Òfin Ilé-Iṣẹ́ àkọ́kọ́ jáde ní 1912, òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní 1922, òmíràn ní 1968, lẹ́yìn náà ni ti 1990 tó dá CAC sílẹ̀, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Títí di 2020, ẹnì kan kò lè dá ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀; ó kéré jù, ènìyàn méjì ni. Nítorí náà àwọn oníṣòwò ń fi orúkọ ìyàwó, àbúrò tàbí ọmọ tó wà ní ilé ìwé kún un kí iye lè pé. Bí ìyàwó bá jáde tàbí tí baba bá kú, orúkọ tí wọ́n fi ṣe àfikún yóò wá béèrè ìpín rẹ̀, òfin yóò sì gbè é. Òfin Ilé-Iṣẹ́ tuntun (CAMA) tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 gba ẹnì kan ṣoṣo láyè láti dá ilé-iṣẹ́ aládàáni sílẹ̀. Ó tún sọ pé ilé-iṣẹ́ kékeré, tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò ju ₦120 mílíọ̀nù lọ tí ohun ìní rẹ̀ lẹ́yìn gbèsè kò sì ju ₦60 mílíọ̀nù lọ, lè ṣe ìṣirò owó rẹ̀ láìgba olùyẹ̀wé-owó-wò láti ìta.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kò ṣeé fò. Láàárín ọdún 1950 sí 1970, ọ̀pọ̀ onímọ́tò gba lọ́rì lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá, wọ́n ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Bí ó bá ku ìsanwó méjì péré tí awakọ̀ sì ṣàìsàn, olówó lè gbé ọkọ̀ lọ, gbogbo ohun tí ó ti san sì gbé. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1965, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1968, dá a dúró: bí ẹni tó gba ọkọ̀ bá ti san ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún iye rẹ̀, olówó kò lè gbà á padà láìgba ilé ẹjọ́ kọjá. Òfin 1977 lórí ìwé sọwédowó tí kò lówó nídìí sọ irú ìwà bẹ́ẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n ọdún méjì.

Lẹ́yìn náà ni Òfin Lílo Ilẹ̀ ti oṣù kẹta ọdún 1978, tó fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ Gómìnà. Ẹni tó bá fẹ́ fi ilẹ̀ dógò gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda Gómìnà. Nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, ẹni tó yá owó tó sì fi ilé dúró pẹjọ́ pé báńkì kò lè ta ilé náà nítorí pé wọn kò gba ìyọ̀ǹda. Ní 1989, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ gbè é: ìdógò náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ajigbèsè ló jàre, ṣùgbọ́n gbogbo oníṣòwò kékeré ló san owó ìdájọ́ náà. Láti ìgbà náà, báńkì kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé tí ìwé rẹ̀ kò pé, gbígba ìyọ̀ǹda sì ń gba owó àti oṣù tí ẹni tó nílò owó ọjà kò ní.

Gbígba gbèsè lóde òní

Ọ̀nà àbáyọ kan dé ní 2017, nígbà tí òfin tuntun gbà kí ènìyàn fi ohun tó ṣeé gbé yá owó: ẹ̀rọ ìlọta, fìríìjì, ọkọ̀, ọjà inú ìsọ̀, kódà gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ ẹ́. Àwọn ayánilówó a forúkọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé àkójọ tí Báńkì Àpapọ̀ ń bójú tó, kí ẹnì kan má fi ohun kan ṣoṣo yá owó lọ́nà méjì. Mo gbà pé òfin yìí bá oníṣòwò wa mu ju èyíkéyìí tó ṣáájú rẹ̀ lọ, nítorí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an ló ń wò.

Orí fóònù ni àwọn ayánilówó tuntun wà. Wọ́n ń gba àyè wọ inú àkójọ orúkọ tó wà nínú fóònù ẹni tó yá owó, bí ọjọ́ bá sì kọjá, wọn a ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n, pásítọ̀, àti oníbàárà rẹ̀ pé olè ni. Ní 2022, àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo oníbàárà, ṣe ìlànà tó ní kí wọ́n forúkọ sílẹ̀, tó sì ka irú ìdójútì bẹ́ẹ̀ léèwọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti pẹ́ tí àwọn tí wọ́n jẹ lówó ti ń gbé ajigbèsè lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí wọ́n tì í mọ́lé títí ẹbí yóò fi wá owó. Àwọn ilé ẹjọ́ ti sọ léraléra pé ọlọ́pàá kì í ṣe agbowó-gbèsè. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀ tó jáde ní 2015 sọ ọ́ ní kedere pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí àìmú àdéhùn ṣẹ lásán, Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sì tún un sọ. Síbẹ̀ wọn kò yé lọ. Kì í ṣe ìkà ló ń gbé gbogbo wọn lọ síbẹ̀. Ẹjọ́ gbèsè ₦200,000 lè pẹ́ ní ilé ẹjọ́ títí owó lọ́yà yóò fi ju gbèsè náà lọ.

Nítorí èyí ni ìpínlẹ̀ Èkó ṣe dá ilé ẹjọ́ gbèsè kéékèèké sílẹ̀ ní 2018, lábẹ́ àwọn Májísíréètì. Gbèsè tí iye rẹ̀ dájú tí kò sì ju ₦5 mílíọ̀nù lọ ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀. Olùpẹ̀jọ́ kò nílò lọ́yà. Yóò kọ́kọ́ fi ìwé ránṣẹ́ béèrè owó rẹ̀. Bí ajigbèsè kò bá san, yóò gba fọ́ọ̀mù, yóò kọ iye tó ń béèrè àti ìdí rẹ̀, ajigbèsè sì ní ọjọ́ méje láti fèsì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìdájọ́, ọjọ́ 60 ni ìlànà fún wọn. Ìwé kékeré tí ìyá aláṣọ ní ọjà Balógun ní Èkó fi ń kọ orúkọ àwọn tó gba àǹkárá láwìn wúlò níbẹ̀, pàápàá bí oníbàárà bá ti fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ orí fóònù àti ẹ̀rí owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní báńkì wúlò pẹ̀lú.

Ìdájọ́ nìkan kò tíì jẹ́ owó. Bí ajigbèsè kò bá tún san lẹ́yìn rẹ̀, olùpẹ̀jọ́ yóò padà lọ gba àṣẹ, bélífù yóò sì lọ gbẹ́sẹ̀ lé ohun ìní ajigbèsè kí wọ́n tà á ní gbàǹjo. Òfin yọ àwọn nǹkan kan sílẹ̀ tí bélífù kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn: aṣọ ara àti ohun tí ajigbèsè àti ẹbí rẹ̀ ń sùn lé, àti àwọn irinṣẹ́ tó fi ń jẹun, títí dé iye owó kan tí òfin dá.